Ẹ bá mi dá sí i: kí ló wà nínú eré ẹbí àwọn ará Bràsíl tí màmá ọkọ mi fi ń wá a kiri?

Àbẹ̀ní Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Màmá ọkọ mi dé láti Ìsẹ́yìn, wọ́n sì máa pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí orúnkún wọn tí dókítà ń tọ́jú. Wọn ò fẹ́ fíìmù ìbọn, wọn ò fẹ́ ìròyìn, bọ́ọ̀lù ni kí ẹ má tilẹ̀ dárúkọ. Telemundo ni tiwọn. Gbogbo èyí tó wà lórí dẹkódà wa ni wọ́n ti wò tán, ó ti dé ibi pé àwọn gan-an ló ń sọ ọ̀rọ̀ tó kàn kí eléré tó lanu. Ni ẹnì kan bá sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ti àwọn ará Bràsíl ni ọ̀gá gbogbo wọn, pé kí wọ́n wá Avenida Brasil wò. Látìgbà náà, ariwo Abenida, Abenida, la ń gbọ́ nílé wa.

Ọkọ mi ní ìkan náà ni gbogbo wọn: obìnrin arẹwà, ọkùnrin olówó, ọmọ tí wọn ò mọ bàbá ẹ̀. Èmi ò jókòó wo irú ẹ̀ dé òpin rí, mi ò lè gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kí ló ń dùn nínú ẹ̀ tí àgbàlagbà á fi gbàgbé oògùn sórí tábìlì? Èwo ni ká fi bẹ̀rẹ̀? A ní ọmọ méjì tí wọn ò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ṣé a lè wò ó níṣojú wọn?

Olóyè Kékeré

Ọkọ yín ti parí ọ̀rọ̀. Ẹ ra ọpọ́n ayò fún màmá.

Ará São Paulo

Ẹ má dá Olóyè lóhùn, àǹtí. Bràsíl ni mò ń gbé. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo débí ni pé bí o ò bá wo eré alẹ́ àná, o ò ní rí ọ̀rọ̀ bá àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sọ nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀gá ń wò ó, ẹni tó ń gbálẹ̀ ń wò ó.

Ẹni tó sọ fún màmá nípa Avenida Brasil ò purọ́. Iléeṣẹ́ TV Globo ní Rio de Janeiro ló gbé e jáde, João Emanuel Carneiro ló kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2012, ó parí ní oṣù kẹwàá. Ọmọdébìnrin kan wà tó ń jẹ́ Rita. Ìyá ẹ̀ ti kú, bàbá ẹ̀, Genésio, wá fẹ́ Carminha. Bí bàbá bá wà nílé, Carminha á máa ṣe ọmọ jẹ́jẹ́. Bí bàbá bá ti jáde, ojú yí padà nìyẹn. Òun àti Max, àlè ẹ̀, ti gbìmọ̀ láti kó owó ilé tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tà. Rita gbọ́, ó sì tú àṣírí náà fún bàbá ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Genésio bọ́ sójú títì Avenida Brasil, títì ńlá tó gba àárín àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù Rio kọjá, mọ́tò sì gbá a. Ẹni tó wà nínú mọ́tò náà ni Tufão, agbábọ́ọ̀lù Flamengo tí gbogbo ìlú ń wárí fún. Bí ẹ̀mí ṣe ń bọ́ lára Genésio, orúkọ Carminha ló ń pè. Ó fẹ́ sọ ohun tí obìnrin náà ṣe ni. Tufão rò pé ó ń fi ìyàwó ẹ̀ lé òun lọ́wọ́. Ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kó sinmi. Ó wá opó náà rí, ó já àfẹ́sọ́nà tiẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e níyàwó.

Rita ńkọ́? Max ti lọ já a sílẹ̀ lórí ààtàn, níbi tí àwọn ọmọ aláìlóbìí ti ń ṣa ike àti irin fún baba arúgbó kan tó ń fi wọ́n jẹun. Tọkọtaya ará Ajẹntínà kan ló padà gbà á tọ́. Ó dàgbà síbẹ̀, ó mọ oúnjẹ sè dáadáa, ó sì padà sí Rio pẹ̀lú orúkọ tuntun, Nina. Ó gba iṣẹ́ kúùkù nínú ilé Carminha. Carminha ò dá a mọ̀.

Àwa tí à ń wò dá a mọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo adùn ẹ̀ wà o, àǹtí. Ẹ wo ìdí tábìlì wọn lálẹ́: bàbá Tufão, ìyá Tufão, Ivana àbúrò ẹ̀, Carminha, àwọn ọmọ, àti Max. Max kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti fẹ́ Ivana, kí òun àti Carminha lè jọ máa gbé abẹ́ òrùlé kan. Gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oúnjẹ á wà lẹ́nu wọn, ẹnì kan á nawọ́ gba iwájú ẹlòmíì bu nǹkan, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì. Nina á gba ẹ̀yìn wọn kọjá pẹ̀lú àwo. Òun nìkan ló ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Nínú eré yìí, aṣeni àti ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san jọ ń lo ilé ìdáná kan náà ni.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọmọdé lẹ̀ ń pe gbogbo ẹ̀ ní Telemundo. Kí orúkọ yẹn tó gbòde, ti Bràsíl ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣé ẹ ò rántí Ruth àti Raquel? Secrets of the Sand! Ọdún 1993 ni wọ́n ṣe é lọ́hùn-ún, ó ṣe díẹ̀ kó tó dé ilẹ̀ wa. Ìbejì ni wọ́n, létí òkun. Ruth níwà, Raquel ò fẹ́ nǹkan kan ju owó lọ. Raquel fẹ́ ọkùnrin tí Ruth nífẹ̀ẹ́ sí, ọkọ̀ ojú omi wá dà wọ́n nù, wọ́n ní Raquel ti bómi lọ, Ruth wá fi òrùka ìgbéyàwó sọ́wọ́, ó gba ipò ìkejì ẹ̀ nínú ilé ọkọ. Ẹ̀yìn náà ni Raquel yọ.

Obìnrin kan ṣoṣo, Glória Pires, ló ṣe àwọn méjèèjì. Ó ń ṣe Ruth, ó ń ṣe Raquel, ó tún ń ṣe Ruth tó ń díbọ́n bíi Raquel, àti Raquel tó ń díbọ́n bíi Ruth. Mo jẹ́ ìyá ìbejì, ojú lèmi fi ń dá tèmi mọ̀, mo sì lè sọ fún yín pé obìnrin yẹn mọ iṣẹ́. Kí ó tó sọ̀rọ̀ rárá, bó ṣe gbọ́rùn dúró ti sọ fún ọ irú èyí tó jẹ́. Ohun kan ṣá wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: wọ́n sọ ìbejì kan di èṣù pátápátá, wọ́n sọ èkejì di áńgẹ́lì. Lọ́dọ̀ tiwa, Táíwò àti Kẹ́hìndé lè níwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnikẹ́ni kì í pín ire àti ibi fún wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi màmá yín bí wọ́n bá rántí Tonho da Lua, ọmọkùnrin tó ń fi iyanrìn mọ ère.

Àbẹ̀ní Bódìjà

Màmá mi! Mo ka ọ̀rọ̀ yín sókè fún wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní wọ́n rántí Ruth dáadáa, ilé ará ẹ̀yìnkùlé wọn ni wọ́n ti ń wò ó nígbà yẹn nítorí tẹlifíṣọ̀n tiwọn bà jẹ́. Wọ́n tún ní kí n sọ fún yín pé Raquel ò dáa.

Ará São Paulo, ẹ ṣé o. Ìpín mélòó ni gbogbo ẹ̀? Ọkọ mi ń bi mí bíi pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fẹ́ dá fún un.

Tísà Ọ̀fà

Ìpín 179 ni Avenida Brasil. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín fọkàn balẹ̀, nítorí pé ó lópin, ohun tó sì yàtọ̀ nínú ti Bràsíl nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní eré ọ̀sán tí ọmọ, ìyá àti ìyá àgbà ti wò tí kò parí títí dòní. Ti Bràsíl máa ń lọ bí oṣù mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, láti ọjọ́ Ajé sí Sátidé, ó sì gbọ́dọ̀ parí: aṣebi á gba tiẹ̀, ìyàwó á wọ aṣọ funfun, ọmọ tó sọnù á mọ bàbá ẹ̀. Ẹni tó jókòó wò ó mọ̀ pé àwọn tó ṣe é ò ní fi òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Globo ní eré mẹ́ta lálẹ́. Ti aago mẹ́fà máa ń jẹ́ ìtàn ayé àtijọ́ àti ìfẹ́, ó rọ̀ díẹ̀. Ti aago méje ń pani lẹ́rìn-ín. Ìròyìn Jornal Nacional á wọlé láàárín, lẹ́yìn náà ni ti aago mẹ́sàn-án, èyí tó le jù, tí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀tàn àti ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì máa ń wà nínú ẹ̀. Ti mẹ́sàn-án ni Avenida Brasil. Nítorí náà, tí ọmọ bá wà nílé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè aago tí wọ́n fi ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ìyẹn á sọ fún yín bóyá kí wọ́n wà ní pálọ̀ tàbí kí wọ́n ti sùn.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde náà ni òǹkọ̀tàn ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n á máa pe àwọn òǹwòran jọ, wọ́n á máa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ràn àti ohun tó ti sú wọn. Bí ìlú bá fẹ́ràn ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀ á pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá kórìíra ẹnì kan láìnídìí, ó lè rìnrìn àjò tí kò ní dé mọ́. Àwọn tí wọ́n ń pariwo níwájú tẹlifíṣọ̀n nílé yín, irú ariwo yẹn dé etí ẹni tó ń kọ̀wé ní Rio.

Olóyè Kékeré

Mo ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí ló dé tí gbogbo wọn kì í bímọ? Obìnrin mẹ́wàá nínú ilé ńlá, ọmọ kan ṣoṣo ló ń sáré kiri, òun náà ọmọ ọlọ́mọ ni.

Tísà Ọ̀fà

Olóyè, ẹ rò pé ẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta tẹ ìwádìí kan jáde ní 2012 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n wo àwọn eré Globo láti 1965 sí 1999. Nínú àwọn obìnrin tó jẹ́ òpó ìtàn, tí wọn ò tíì pé àádọ́ta ọdún, ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò bímọ rárá, ìdá 21 bí ẹyọ kan. Wọ́n wá rí i pé ní àwọn àgbègbè tí Globo dé, ọmọ bíbí dín kù, pàápàá láàárín àwọn obìnrin tí wọn ò lówó lọ́wọ́. Ní Bràsíl lápapọ̀, iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí já láti bíi 5.8 ní 1970 sí 2.9 ní 1991. Eré nìkan kọ́ ló fà á o, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọmọ ní orúkọ àwọn tó wà nínú eré tó ń lọ lọ́dún náà.

Olóyè Kékeré

Ọ̀rọ̀ ti di ti yunifásítì. Mo ti padà sídìí ayò mi.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀ní, bí màmá bá fẹ́ èyí tí wọ́n á sunkún sí, Laços de Família ni kí ẹ wá, ti ọdún 2000 sí 2001. Manoel Carlos ló kọ ọ́, ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ. Helena lorúkọ ìyá náà. Ó ní ọ̀rẹ́kùnrin tí ọjọ́ orí ẹ̀ kéré sí tiẹ̀, Edu, dókítà. Camila, ọmọ ẹ̀ obìnrin, darí dé láti òkè òkun, òun àti Edu sì fẹ́ràn ara wọn. Ìyá fi ọkùnrin náà sílẹ̀ fún ọmọ. Kò tíì pẹ́ tí ọmọ fẹ́ ẹ ni àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú un. Wọ́n ń wá ẹni tí mùdùnmúdùn egungun ẹ̀ bá tiẹ̀ mu, wọn ò rí. Helena wá tú àṣírí tó ti bò mọ́ra láti ìgbà ọ̀dọ́: Pedro, ìbátan òun fúnra ẹ̀, ni bàbá Camila. Ó padà tọ Pedro lọ, ó ní kí àwọn bí ọmọ mìíì, kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lè gba ti àkọ́kọ́ là. Ọkùnrin rere kan wà tó ń fẹ́ ẹ nígbà yẹn o!

Ibi tí wọ́n ti fá irun Camila, irun orí eléré náà gan-an ni, Carolina Dieckmann. Kò sọ̀rọ̀. Omi ń bọ́ lójú ẹ̀, irun ń já sílẹ̀ ní ìdì ìdì. Lẹ́yìn tí gbogbo orílẹ̀-èdè rí i, àwọn tó lọ forúkọ sílẹ̀ láti fi mùdùnmúdùn egungun tọrẹ pọ̀ sí i gan-an ní Bràsíl. Iṣẹ́ mi ni mo fi mọ ìyẹn, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún wa kí n tó wo eré náà rárá.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta

Ìyá àti ọmọ, ọkùnrin kan? Èèwọ̀! Àbẹ̀ní, má ṣe fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ. Wọ́n á bú Helena, wọ́n á bú Camila, wọ́n á wá yí ojú sí ìwọ tó gbé e wá sílé.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Màmá, bíbú yẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́! Ní Bràsíl náà wọ́n bú Camila títí, wọ́n ní ó gba ọkùnrin lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Àìsàn ló bá a bẹ ìlú. Ẹni tí o bú lóṣù tó kọjá, o wá ń gbàdúrà fún un.

Ará São Paulo

Nọ́ọ̀sì ti sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n parí ti Carminha kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Láàárín eré náà ó já sí ẹni tí Nina jẹ́. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú, kí wọ́n sin ín láàyè. Nina bọ́ nínú ẹ̀. Fọ́tò Carminha àti Max lórí bẹ́ẹ̀dì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀, ló bá padà sí ilé náà, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ní kí Carminha wá gbé oúnjẹ fún òun. Ìyálé ilé di ọmọ ọ̀dọ̀, kúùkù di ọ̀gá. Adriana Esteves ló ṣe Carminha. Ojú obìnrin yẹn nígbà tó ń gbé àwo bọ̀, mi ò lè júwe ẹ̀. Àwọn ará ibí ṣì ń fi ọ̀rọ̀ tí Nina sọ níbẹ̀ ṣàwàdà fún ara wọn.

Tí ìpín kan bá fẹ́ parí, ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á dúró gbagidi, iná á máa tàn yanranyanran lẹ́yìn ẹ̀, orin á gbà á. Gbogbo èèyàn ló ń ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sí Facebook wọn lọ́dún náà. Alẹ́ tó parí, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá, ìròyìn gbé e pé Ààrẹ Dilma Rousseff sún ìpàdé ìpolongo ìbò tó yẹ kó ṣe ní São Paulo sí ọjọ́ kejì, àwọn tó ń bójú tó iná mànàmáná sì múra sílẹ̀ nítorí wọ́n mọ̀ pé bí eré bá ti parí, gbogbo ilé á dìde tan iná lẹ́ẹ̀kan náà. (Àwa tí wọ́n ń mú iná tiwa lọ ní àárín eré, ẹ má bínú.) Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó pa Max. Carminha ni.

Tísà Ọ̀fà

Kí lẹ wá tú u fún? Màmá ò tíì bẹ̀rẹ̀!

Ará São Paulo

Tísà, ní Bràsíl ìwé ìròyìn máa ń tẹ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan jáde, ọjọ́ sí ọjọ́. Àwọn tó kà á náà ló ń sáré délé lálẹ́. Wọ́n ti mọ̀ pé Tufão máa mọ òótọ́ lọ́jọ́bọ̀. Ojú Tufão ni wọ́n fẹ́ rí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, ọjọ́ kan yẹn ni wọ́n ń dúró dè láti ìpín àkọ́kọ́. Ọkọ Àbẹ̀ní tó ní ìkan náà ni gbogbo wọn, ó tọ̀nà o, àṣírí inú ilé ni gbogbo wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú u ló ń yàtọ̀.

Ohun mìíì tó jẹ́ kí tọ̀túntòsì gba ti eré yìí: tẹ́lẹ̀, ilé àwọn olówó etí òkun Rio ni kámẹ́rà máa ń wà jù. Tufão lówó, kò kó lọ síbẹ̀. Ó dúró ní àdúgbò Divino (àròsọ ni orúkọ náà), bí ẹni tó là ní Mushin tó kọ Ìkòyí. Àwọn tí kì í rí ara wọn nínú eré rí pálọ̀ ara wọn.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta

Ó tún ní ọkùnrin kan nínú ẹ̀ tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, Cadinho. Ó ní ìyàwó mẹ́ta, ilé mẹ́ta, kò sí èyí tó mọ èkejì. Ọmọ mi ní, "Màmi, ṣebí bàbá yín náà ní mẹ́ta." Mo ní bàbá wa kó wọn sínú agbo ilé kan, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n jà, wọ́n parí ẹ̀, wọ́n jọ sin ín. Ta ló ń sáré láti ilé kan sí èkejì bí olè? Nígbà tí owó Cadinho tán, àwọn obìnrin yẹn fúnra wọn ló pín ọjọ́ fún un. Ṣé ẹ rí i, wọ́n padà sí ọgbọ́n tiwa.

Ará São Paulo

Haa, màmá! Ó kù díẹ̀: àǹtí, ẹ kọ Vale Tudo sílẹ̀ pẹ̀lú. Ti 1988 ni, wọ́n tún un ṣe ní 2025. Raquel ni ìyá (orúkọ kan náà pẹ̀lú ti ìbejì yẹn, ìwà ò jọra). Ọmọ ẹ̀, Maria de Fátima, ta ilé tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ láìjẹ́ kí ìyá mọ̀, ó kó owó lọ sí Rio láti lọ wá ọkọ olówó. Ìyá tọpasẹ̀ ẹ̀ lọ, kò rí nǹkan kan mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta búrẹ́dì ẹlẹ́ran létí òkun, títí tó fi di oníléeṣẹ́ oúnjẹ. Èmi gbà pé Fátima burú ju Carminha lọ.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta

Ọmọ tó ta ilé lórí ìyá ẹ̀! Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Carminha kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Rita.

Tísà Ọ̀fà

Mo ta kò yín méjèèjì. Ọmọ kékeré lórí ààtàn ńkọ́? Fátima fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjì tó lè ṣiṣẹ́.

Ọmọ Pópó Àgùdà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Orúkọ Potogí là ń jẹ́ nílé wa, baba ńlá wa ti Bahia ní Bràsíl padà sí Èkó, nítorí náà ojú ọ̀tọ̀ ni mo fi ń wo àwọn eré yìí. Iléeṣẹ́ oúnjẹ Raquel tí ẹ sọ yẹn, Paladar ni wọ́n pe orúkọ ẹ̀. Nígbà tí eré náà dé Kúbà, tí ìjọba wá gba àwọn èèyàn láàyè láti máa ta oúnjẹ nínú ilé wọn láàárín 1990 sí 2000, paladar ni gbogbo ìlú ń pe irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Títí dòní.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó ń dunni pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti dé Salvador, olú ìlú Bahia, á rí ojú wa lójú pópó, á rí obìnrin tó ń din àkàrà nínú epo pupa. Ní 2018 Globo ṣe Segundo Sol, ìlú yẹn gan-an ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, òǹkọ̀wé Avenida Brasil ló kọ ọ́, àwọn aláwọ̀ funfun ló sì kún iwájú ẹ̀. Àríwísí pọ̀, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà. Fún ọdún gbọọrọ, kúùkù, dírẹ́bà àti ẹrú ni wọ́n ń fún aláwọ̀ dúdú ṣe. Taís Araújo ló la ọ̀nà: òun ni òpó Da Cor do Pecado ní 2004, òun ni Helena aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú Viver a Vida ní 2009 (Helena ni Manoel Carlos máa ń sọ obìnrin tó jẹ́ òpó ìtàn ẹ̀), òun náà ló sì ṣe Raquel nínú Vale Tudo ti 2025. Nǹkan ti ń yí padà, ṣùgbọ́n ó pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá gba màmá nímọ̀ràn èyí tí mo fẹ́ràn jù: Lado a Lado, 2012 sí 2013. Ti aago mẹ́fà ni, ọmọ lè jókòó tì í. Rio ni, nígbà tí òmìnira àwọn ẹrú ti 1888 kò tíì pẹ́. Obìnrin méjì pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn méjèèjì: Isabel, ọmọ ẹni tó ti jẹ́ ẹrú, àti Laura, ọmọ olówó. Wọ́n di ọ̀rẹ́. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Laura kan, Albertinho, ló wá fún Isabel lóyún. Constância, ìyá Laura, jí ọmọ náà gbé nígbà tí wọ́n bí i, wọ́n sọ fún Isabel pé ó ti kú. Ìyá àgbà jí ọmọ ọmọ ẹ̀ gbé nítorí àwọ̀ ìyá ọmọ! Ijó capoeira wà níbẹ̀, ilé òrìṣà wà níbẹ̀. Ní 2013, ìdíje Emmy ti gbogbo ayé kó òun àti Avenida Brasil jọ, Lado a Lado ló gba ẹ̀bùn náà.

Àbẹ̀ní Bódìjà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ti bá mi tú u palẹ̀. Ó dà bíi pé ti Isabel la máa fi ṣe ti ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, ti Carminha á wá di ti èmi àti màmá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sùn. Ìṣòro kan ló kù: màmá ò ka Gẹ̀ẹ́sì, Potogí ni ẹ má tilẹ̀ sọ. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?

Tísà Ọ̀fà

Ẹ wá èyí tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì gbé e, ẹ má wá èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí nísàlẹ̀. Ẹnu yín á máa tú u sí Yorùbá díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, títí wọ́n á fi mọ ẹni tó jẹ́ ti ta. Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò ní nílò yín. Ẹ má kọjá ìpín méjì lálẹ́. Èyí tí wọ́n bá wò ní márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, àárọ̀ ni wọ́n ti máa ń gbàgbé ẹ̀. Oògùn orúnkún, ẹ gbé e wá nígbà tí orin ìbẹ̀rẹ̀ bá ń lọ. Ẹ má retí pé wọ́n á dìde láàárín.

Ará São Paulo

Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó rà á tàbí kí ẹ tó sanwó dátà. Ní òkèèrè, Brazil Avenue ni wọ́n ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, Lado a Lado sì ń jẹ́ Side by Side. Ẹ̀dà ti òkèèrè lè kúrú ju ti ilé lọ, torí wọ́n máa ń gé e, ẹ má bínú bí iye ìpín ò bá bá 179 mu. Èyí tí àwọn kan gé sí wẹ́wẹ́ sórí YouTube kì í tẹ̀ léra, ẹ yẹra fún un. Bí Rita bá ti dàgbà nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ti fo ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn. Bí màmá ò bá rí i nígbà tí ó wà lọ́mọdé, wọn ò ní bá a bínú tó.

Nọ́ọ̀sì Leeds

Ẹni tó bá mọ ibi tí Side by Side wà ní ohùn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, kó sọ ọ́ síbí. Ti Potogí nìkan lèmi ń rí, ìyá tèmi náà ti gbọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí báyìí.